Lẹ́tà Àánú Tí Mo Tẹ̀

Nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba, ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe jẹun ní Igbosere, nítòsí kóòtù. Ẹni tí kò gbọ́ Òyìnbó tó bá fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi Òyìnbó bẹ̀bẹ̀, mo sì ń fi í ṣakọ. Ta ló fẹ́ bá mi wí?

Obìnrin kan láti agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó wà lẹ́wọ̀n nígbà náà. Aṣọ ló ń tà tẹ́lẹ̀. Ó máa ń lọ sí àwọn ìlú òkè, á sọ fún àwọn òbí pé òun á mú ọmọbìnrin wọn wá kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán l'Ékòó. Kò sí ẹ̀rọ ìránṣọ kankan níbi tó ń kó wọn lọ. Àwọn ọkùnrin ló ń tà wọ́n fún. Ọ̀kan nínú wọn kò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ nígbà tí ọlọ́pàá kó wọn jáde. Ẹbí rẹ̀ kò wá a wá, ni ìyá mi bá mú un sọ́dọ̀, ó sì di àbúrò mi. Adájọ́ ju obìnrin náà sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá, gbogbo wa la sì sọ pé ó tọ́ sí i.

Ní ọdún kẹrin, a gbọ́ pé ìjọba fẹ́ fi àánú tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan sílẹ̀. Ìtìjú ti kúrò lójú àwọn àgbà wa nígbà yẹn. Olórí ẹbí ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ìrun alásárì ọjọ́ kan, òun àti àwọn àlájà mẹ́ta wá sí yàrá wa. Òun dọ̀bálẹ̀, àwọn kúnlẹ̀ fún ìyá mi, pé kó bá wọn fọwọ́ sí lẹ́tà àánú lórúkọ ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyàwó ilé ni ìyá mi. Tí irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ bá ti wolẹ̀ fún ọ, o ò tún lè kọ̀ mọ́.

“Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́,” ó ní. “Ó ti tán.”

Èmi ni wọ́n ní kí n tẹ lẹ́tà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé obìnrin náà ti ronúpìwàdà, pé àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ ti dárí jì í. Ìyá mi tẹ̀ka sí i. Kí n má parọ́, inú mi dùn sí lẹ́tà náà.

Nígbà tí lẹ́tà ti lọ tán ni ọmọ náà wá bá mi níbi tí mo ti ń fọṣọ. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kọ nípa mi?”

Mo sọ fún un.

“Èmi ni mo dárí jì í?”

“Wọ́n ti bẹ Màmá.”

“Ṣé Màmá ló tà ni?”

Ojú tì mí débi pé mo gbaná jẹ. Mo ní ọ̀rọ̀ àgbà ni, kó yéé fẹnu sí i. Ó ní kí n má bínú, ó sì bá mi sá aṣọ tó kù.

Ìjọba tú obìnrin náà sílẹ̀. Bóyá lẹ́tà mi ló ṣe é, bóyá òun kọ́, gbogbo agbo ilé ló ń kí mi kú iṣẹ́. Ọjọ́ tó dé, wọ́n fi omi tútù wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ṣe fátíhà. Yàrá rẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n ṣí fún un. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá náà àti tiwa.

Ìyá mi fa ọmọ náà lọ́wọ́ síwájú àwọn àgbà.

“Ẹ ti bẹ̀ mí,” ó ní. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bẹ òun náà.”

Olórí ẹbí rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ìyàwó, ṣé o fẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé ni?”

Obìnrin tó ti ẹ̀wọ̀n dé ń wo ilẹ̀.

Ìyá mi wọlé, ó ká ẹní, ó di ẹrù tirẹ̀ àti tọmọ náà pọ̀. Ilé yẹn ló ti bí gbogbo wa. Mo tẹ̀lé wọn dé Apọ́ngbọ̀n, mò ń sunkún, mò ń bẹ ìyá mi kó dárí jì mí.

“Èmi náà tẹ̀ka,” ìyá mi ní. “Ẹni tá a ṣẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ yẹn.”

Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ náà láàárín èrò, èmi tí mo fi ọdún méje jù ú lọ. Ó sáré fà mí dìde, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì.

“Àǹtí, ẹ dìde, àwọn èèyàn ń wò wá.”

Kò sọ pé òun dárí jì mí, mi ò sì bi í.