Ọjọ́ Tí Ọkọ Mi Kò Dọ̀bálẹ̀ fún Ajẹ́lẹ̀

Ìdí òfì ni wọ́n ti mú ọkọ mi. Àwọn ọlọ́pàá ajẹ́lẹ̀ wá ń kó àwọn ọkùnrin alágbára ní Ìwó, wọ́n ní òyìnbó ń bá àwọn Jámánì jagun ní Kamẹrúùnù, àwọn sì ń wá alábàárù tí yóò ru ẹrù ogun. Oyún àkọ́bí wà nínú mi nígbà náà. Ọmọ náà ti ń rìn kí baba rẹ̀ tó dé.

Èjìká rẹ̀ kan ti yẹ̀, kò lè hunṣọ mọ́. Lọ́jọ́ kan tí mo ń fi òrí pa á fún un ló sọ pé:

"Òyìnbó kan kú lọ́nà. Wọ́n ní kí a gbẹ́ sàréè fún un, a gbẹ́ ẹ. Nígbà tí àwọn ẹni wa kú, a bẹ àwọn òyìnbó kí wọ́n jẹ́ kí a kírun sí wọn lára, kí a sin wọ́n. Wọ́n ní kí a gbẹ́rù, kí a máa lọ."

Ó ní òun kò mọ ẹnu tí òun yóò fi sọ fún àwọn ìyá wọn.

Kò pẹ́ sí i, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó náà fúnra rẹ̀ dé, alábàárù ló tún ń wá. Wọ́n pe ìlú jọ síwájú ààfin. Àwọn ọkùnrin ṣí fìlà, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Ọkọ mi nìkan ló dúró, fìlà rẹ̀ wà lórí.

Mo rọra wí fún un látẹ̀yìn pé, "Bàbá ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dọ̀bálẹ̀."

Ògbufọ̀ bi í bóyá kò rí ajẹ́lẹ̀ ni.

"Mo rí i. Bá mi bi í, níbo ló fi àwọn ọmọ Kúta àtàwọn ọmọ Olúpọ̀nnà tí a jọ lọ sí?" Ó wá ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ògbufọ̀ wolẹ̀. Wọ́n na ọkọ mi ní pàṣán níbẹ̀, lójú ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n ti ń nà án lọ́wọ́ ni ọkùnrin kan dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ó kọrí sílé. Òmíràn tẹ̀lé e. Nígbà tó yá, iwájú ààfin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ajẹ́lẹ̀ kò rí alábàárù kankan kó lọ́jọ́ náà. Ọkọ mi ni wọ́n mú lọ sẹ́wọ̀n n'Íbàdàn.

Ikọ́ tí kò gbóògùn ló gbé bọ̀ wálé. Kí ọyẹ́ tó tán, ó kú.

Ìyá arúgbó kan fẹsẹ̀ rìn láti Kúta wá síbi àdúrà òkú ọkọ mi. N kò mọ̀ ọ́n rí. Ó jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ọkọ rẹ dárúkọ ọmọ mi," ló wí. "Òyìnbó kò rán ẹnikẹ́ni sí mi pé ó ti kú. Ẹnu àwọn tó wà níwájú ààfin ni mo ti gbọ́."

Mo bu omi fún un, kò lè mu ún. Àwa méjèèjì jọ ń sunkún títí àwọn àlùfáà fi ṣe àdúrà tán.