Àpá Tí Mo Wá Lọ sí Owódé Onírin

Òórùn tòmátì tó ti kẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, ṣáájú ìró irin, ṣáájú ìrora. Omi rẹ̀ ń ro láti ara ọkọ̀ àjàgbé kan tó ti Òkè Ọya dé sí iwájú ọjà Mile 12, ó sì ti sọ ojú títì di ohun tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Alùpùpù mi yọ̀, mo bá a lọ, gbogbo ìwúwo rẹ̀ sì dùbúlẹ̀ lé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi. Egungun ojúgun kán. Lẹ́yìn tí wọ́n ti fi irin tò ó, tí mo sì ti ń fi ọ̀pá rìn, dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà sọ fún mi láìfi epo bọyọ̀ pé bí ẹsẹ̀ náà bá tún kán níbi tí irin wà, òun kò lè ṣèlérí pé n ó tún fi rìn mọ́.

Ìyàwó mi ní kí n ta alùpùpù náà. Mo kọ̀. Kì í ṣe ti akérò. Òun ni mo fi ń ti Kétu lọ síbi iṣẹ́, mo sì gbà pé ẹni tó bá ta ohun ìrìnnà rẹ̀ nítorí pé àwọn tó ń gba owó orí kò lè mú kí ojú títì mọ́, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dárí ji ọ̀lẹ. Mo sọ gbogbo èyí fún un lórí ìdúró, pẹ̀lú ọ̀pá lábíyá. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Kò burú, Daddy," ó ní. "Ẹ ṣe ohun tí ẹ máa ṣe. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tún ṣubú lu ẹsẹ̀ yẹn, èmi kọ́ ni màá gbé yín wọ balùwẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì o."

Níkẹyìn a fẹnu kò: bí mo bá rí ohun tí kò ní jẹ́ kí alùpùpù dùbúlẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀, yóò dúró, bí n kò bá rí i, yóò lọ.

Ohun náà wà. Sláídà ni àwọn tó ń tà á ń pè é: kókó ike líle kan tó tó àgbàdo sísè ní gígùn, tí wọ́n ń fi bóòtù irin dè mọ́ egungun alùpùpù lọ́tùn-ún àti lósì. Bí alùpùpù bá ṣubú, kókó yìí ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀, yóò máa yọ̀ lọ lórí títì, yóò sì fi àyè sílẹ̀ láàárín ẹ́ńjìnnì àti ilẹ̀. Inú àyè yẹn ni ẹsẹ̀ ẹni yóò wà. Ohun tí mo ń wá kò ju àyè yẹn lọ.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ Owódé Onírin, ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, tí mo ń fura sí ọmọlúàbí àti olè lọ́gbọọgba. Mo ní ẹ̀kọ́ kan tó dá mi lójú, tí mo sì ti fi borí àwọn ènìyàn nínú àríyànjiyàn púpọ̀: ní ìlú tí àwọn ayédèrú ti gba ọjà, tuntun ni kí á fura sí; tòkunbọ̀ ni kí á gbà gbọ́, nítorí ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ìlú tí òfin wà. Gbogbo wa ni a ń sọ ọ́. A ń sọ ọ́ nípa fíríìjì, a ń sọ ọ́ nípa táyà, a ń fi búra bí ẹni tó di irin mú. Nígbà tí àlàájì tó ni ìsọ̀ tí wọ́n júwe fún mi nawọ́ sláídà tuntun sí mi nínú ọ̀rá, n kò tilẹ̀ gbà á.

"Tòkunbọ̀ ni mo fẹ́, Àlàájì. Mi ò kí ń ra tuntun."

"Áà, ọ̀gá tó mọ ọjà nìyí!" Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó mú méjì tí ara wọn ti họ jáde. "Ẹ wo ojú ẹ̀. Ó ti ṣubú rí lọ́hùn-ún, kò sì ṣe nǹkan kan. Ẹlẹ́rìí ara ẹ̀ ni."

Mo gbà wọ́n, mo gbé wọn sínú oòrùn. Àwọn àgbà ní ojú àpá kì í jọ ojú ara. Ṣùgbọ́n àpá ọ̀tún jọ ti òsì bí ìbejì: ibi kan náà, gígùn kan náà, ìlà tó dọ́gba bí ìlà ìwé.

"Àlàájì, ẹ̀gbẹ́ kan ni alùpùpù máa ń fi ṣubú. Báwo ni méjèèjì ṣe họ bákan náà?"

Kò ṣẹ́jú. "Ó ṣubú sọ́tùn-ún, ó dìde, ó tún ṣubú sósì. Òyìnbó yẹn ò mọ̀ ọ́n gùn ni."

Obìnrin tó ń ta ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ní ìsọ̀ kejì bú sẹ́rìn-ín. "Òyìnbó náà ti jìyà o! Ẹ ṣáà bá wa kí i."

Nínú ẹ̀rín yẹn ni mo gbọ́ ọ: họ, họ, họ, láti ẹ̀yìn ọ̀rá dúdú tí wọ́n ta sí ẹ̀yìn ìsọ̀. Mo ká ọ̀rá náà sókè. Ọkùnrin kan jókòó sórí àpótí, ó ń ha sláídà tuntun mọ́ ara búlọ́ọ̀kù, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fá orí ọmọ. Ọ̀rá tí ó ti yọ wọ́n jáde wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, irú èyí tí mo kọ̀ láti gbà gẹ́lẹ́.

Mo bínú. Mo pè wọ́n ní apànìyàn, mo sọ̀rọ̀ nípa ìlú, nípa ẹ̀rí ọkàn, nípa àwọn ọmọ tí a kò tíì bí. Àlàájì fi ara balẹ̀ dúró dè mí.

"Ọ̀gá, mo fún yín ní tuntun, àbí mi ò fún yín? Ẹ ò wò ó. Ẹnikẹ́ni ò kí ń wò ó. Tí mo bá gbé e síta bó ṣe wà, á pẹ́ níbẹ̀ dọjọ́ alẹ́. Ẹ̀yin lẹ ní àpá lẹ fẹ́. Mo wá fi àpá sí i."

"Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà," obìnrin ọlọ́ìlì sọ, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo dúró sáàárín ìsọ̀ náà, ẹsẹ̀ mi ń ta mí, mo sì fi tipátipá ro ohun tó yẹ kí n ti rò láti ilé. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni sláídà wà fún ní ayé, ìyẹn ni kí ó ṣubú. Èyí tó ti ṣubú ti jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ tán. Èmi tí mo kàwé, tí mo ń bá gbogbo ènìyàn jiyàn, ìbọn tí wọ́n ti yìn tán ni mo ń tọrọ láti fi lọ ojú ogun.

"Ẹ fún mi ní èyí tí wọn ò tíì ha."

"Tuntun? Ẹ̀yin?"

Mo tú u yẹ̀wò lójú rẹ̀. Mo fi èékánná họ ọ́, mo fi bóòtù rẹ̀ wé èyí tí mo tú lára alùpùpù mi mú wá láti ilé, mo gbé e wò lọ́wọ́. Mo rà á, mo ṣì ń fura sí i. Ìyàwó mi náà wò ó nígbà tí mo dè é tán. Ó ní ó jọ ẹsẹ̀ àga.

Ní ọ̀sán òjò kan ní Ìkòsí, alábàrù kan ti bárò àlùbọ́sà gba iwájú mi kọjá, mo sì tẹ bíréèkì. A ṣubú sọ́tùn-ún. Mo gbọ́ tí ike ń ha títì lọ gbọọrọ, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Alùpùpù dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n kò dùbúlẹ̀ tán, àyè wà. Mo fa ẹsẹ̀ mi jáde nínú rẹ̀, mo sì dìde lórí méjèèjì. Nígbà tí mo délé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, ẹsẹ̀ ni ìyàwó mi kọ́kọ́ wò kí ó tó wo ojú mi. Ó lọ gbé omi gbígbóná wá.

Sláídà ọ̀tún náà kò fi bẹ́ẹ̀ bà jẹ́ lójú. Àpá kan báyìí ni, tó wọ́, tó sì rí játijàti, kò dọ́gba rárá. Bí mo bá sọ ọ́ sí ààtàn, àwọn tó ń ṣa irin kiri yóò mú un dé Owódé, ẹnìkan bíi tèmi yóò sì fò mọ́ ọn. Nítorí náà mo fi ayùn gé e sí méjì. Bóòtù inú rẹ̀ ti tẹ̀, ó sì ti là lọ́rùn débi pé ìka ọwọ́ ni mo fi dá a.

Mo ṣì ń gun alùpùpù náà, mo ṣì ń fura. Títí di òní n kò mọ̀ bóyá ojúlówó ni ohun tí mo rà àbí ayédèrú tó ṣe ọmọlúàbí lọ́jọ́ kan. Ohun tó máa ń bá mi gùn ún ju ìyẹn lọ: ká ní àlàájì yẹn ní tòkunbọ̀ gidi ní ìsọ̀ ni, òun ni ǹ bá rà, ǹ bá sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Mo máa ń rò ó bí mo bá ń sún mọ́ oríta Kétu. N ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ náà yóò sì dá mi lóhùn.