Bọ́kẹ́ẹ̀tì Keje

Ìyàwó Òkúta ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, kò sì bínú sí i. Ta ló tún ń fomi wẹ òkúta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ jòjòló? Yàrá rẹ̀ wà lẹ́nu ihò ìwakùsà, kò ní fèrèsé kankan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni òkúta tí kò ní kùsà nínú, èyí tí àwọn awakùsà ń kó jáde torí pé ó dínà mọ́ wọn. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ lè máa wò sùn-ùn bí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, kí òjò máa rọ̀ lé e títí, kó wá sọ omi ilẹ̀ di kíkan, omi tó ń jẹ irin, tó sì ń ba kànga jẹ́. Òun ló gbọ́dọ̀ sọ èyí tó léwu àti èyí tí kò léwu.

Ó fọ́ òkúta sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì méjìlá tó lu nídìí. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń da omi sí wọn, tó ń gbe omi tó bá jò, tó ń ki bébà kékeré bọ̀ ọ́. Bí bébà bá ṣì jẹ́ yẹ́lò, àlàáfíà ni. Bó bá pọ́n, omi ti kan nìyẹn. Ètò ìdáàbòbò àyíká tí ilé iṣẹ́ kọ sọ pé ogún ọ̀sẹ̀ tó. Ta ló yan ogún? Ẹ má bi mí o! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sídìí tábìlì kọ ètò kò rántí ìyẹn.

Nígbà tí ogún ọ̀sẹ̀ pé, bébà kankan ò pọ́n. Ó kọ ọ́ pé "kò léwu", ó fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí àgbàlá rẹ̀ máa ń kún fún ẹrẹ̀, bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì pé kó bá òun tọrọ òkúta náà. Ó bá a tọrọ rẹ̀. Típà mẹ́sàn-án ló já a sílẹ̀ yí kànga ká, kànga tí ìyá wọn ń mu omi rẹ̀. Àwọn aládùúgbò míì náà gba tiwọn.

Ó da bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá nù. Ìkeje ló gbàgbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bó ṣe rí i lọ́jọ́ Ẹtì, ó da omi sí i, torí ó ti mọ́ ọn lára. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí ó fi di ọ̀sẹ̀ kọkànlélógójì, tí bébà pọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Yéè! Ó mú òmíràn, ìyẹn náà pọ́n. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà lọ bá ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀ kò pariwo, ìyẹn ló sì burú jù. "Bọ́kẹ́ẹ̀tì yìí kò sí nínú ètò. Ogún ọ̀sẹ̀ la ní kó o ṣe, o sì ṣe é. Dà á nù."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, òkúta yẹn ti wà nílé àwọn èèyàn."

"Ta ló fọwọ́ síwèé? Èmi ni àbí ìwọ?"

Kí ló fẹ́ sọ? Tó bá lanu, wọ́n á lé e, wọ́n á ní òun ló kọ irọ́. Tó bá dákẹ́, ìyá rẹ̀ ń mu omi lọ. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ó di ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ìyàwó Òkúta!" Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. "O gbé ọkọ rẹ wá kí wa ni? Wo bí ilẹ̀ mi ṣe gbẹ!"

Ìyá wọn bu omi kànga fún un nínú ife. Ó ki bébà bọ̀ ọ́. Yẹ́lò ni. Ó wá rò fún wọn bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́: òkúta inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ti fi ogún ọ̀sẹ̀ mu omi ṣáájú ti àgbàlá, ohun tó sì ṣe é, á ṣe ìyẹn náà.

"Bébà tìẹ ló ní omi yìí dára," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Mo ti kọ́ yàrá méjì sórí òkúta yìí! Kí n wó wọn tìtorí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan? Ṣé orí rẹ pé?"

Ìyàwó Òkúta tún wo bébà yẹ́lò náà. Ọjọ́ tí bébà bá máa gbè é lẹ́yìn, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ìyá wọn gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ mélòó ló kù?"

"Ogún, Màámi."

"Ta ló mọ̀ níta?"

"Èmi àti ọ̀gá mi nìkan."

Ìyá mu omi náà tán, ó fọwọ́ nu ẹnu. "Ó dáa. Padà sídìí iṣẹ́ rẹ, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi á máa mu ún lọ níbí. Ní ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, wá máa fi bébà rẹ wò mí."

Kò rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìyàwó Òkúta tọrọ bírò àti ìwé.  Ó kọ lẹ́tà sí gbogbo ilé tí típà já òkúta sí: "Èmi ni mo sọ pé òkúta yìí kò léwu. Mo ṣàṣìṣe. Ẹ má mu omi ibẹ̀ mọ́." Ó fọwọ́ sí i bó ṣe fọwọ́ sí ti àkọ́kọ́, ó sì kà á sókè fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde, ó lọ tú okùn kànga kúrò kí ẹnikẹ́ni má baà fa omi níbẹ̀ mọ́.