Ọwọ́ Kírénì Kì Í Parọ́

Bàtà tí Dáramọ́lá Akínsànyà ń wọ̀ jà kì í ṣe tirẹ̀. Dickson ló ni ín tẹ́lẹ̀, ẹni tó jẹun ọ̀sán tán lọ́jọ́ Àìkú kan, tó dùbúlẹ̀ tí kò sì jí mọ́, lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógójì. Kó tó kan Dickson, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Síméǹtì ló ni ín. Kíndìnrín ló pa ìyẹn, kò tíì pé ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta. Bàtà aláwọ pupa ni, ó gùn dé ìdajì ojúgun. Àṣà ilé ìjàkadì wọn ní Ajégúnlẹ̀ ni pé bí oníjà bá kú, bàtà rẹ̀ kì í bá a lọ sí sàréè, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá bá a mu ni yóò gbà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Dickson, oníjà mẹ́ta ló bọ́ bàtà wọn lẹ́bàá ọ̀nà ibi ìsìnkú láti gbé ẹsẹ̀ sínú rẹ̀ wò. Ti Dáramọ́lá ló bá a mu. Inú rẹ̀ dùn, ó sì ń gbìyànjú kó má hàn lójú òun.

Bàbá rẹ̀ ti Oǹdó wá ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá nígbà tí kírénì kò tíì pọ̀ níbẹ̀. Dáramọ́lá náà kò lọ jìnnà síbẹ̀. Alábàárù ni ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creek Road, àpò ìrẹsì àti àpò ṣúgà ló ń rù láti inú kọntéínà sínú tírélà. Fọ́máànù tí Dáramọ́lá lè bí lọ́mọ, bó bá jẹ́ pé ó tètè bímọ ni, ń pè é ní "ìwọ yẹn." Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ṣe iṣẹ́ náà, fọ́máànù mẹ́rin ló sì jẹ lórí rẹ̀, kò sí èyí tó mọ orúkọ rẹ̀ nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, bó bá gun ríìngì tán, irinwó èèyàn á máa pè é ní Kírénì. Á gbé ọkùnrin tó wọn ọgọ́rùn-ún kílò sókè orí, á dúró bẹ́ẹ̀, á wo òsì, á wo ọ̀tún, bíi kírénì èbúté Tin Can tó ń wá ibi tí yóò sọ kọntéínà kalẹ̀ sí. Àwọn èrò á máa kígbe pé, "Drop am, Kírénì, drop am." Á pẹ́ díẹ̀ kó tó jù ú sílẹ̀, nítorí pé ìṣẹ́jú yẹn nìkan ni ó ní láàárín ọ̀sẹ̀.

Gbogbo ẹni tó mọ rẹ́sílìn ló mọ̀ pé wọ́n ti parí ìjà náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Uche, ẹni tó ni ilé ìjàkadì náà, tí gbogbo wọn ń pè ní Ṣíámánì, ló máa ń sọ ẹni tí yóò ṣubú àti ìgbà tí yóò ṣubú. Ṣùgbọ́n pákó tó wà lábẹ́ kánfáàsì kò mọ̀ pé eré ni. Ọrùn kò mọ̀, ọpọlọ kò mọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni Dáramọ́lá fi ṣubú lé pákó yẹn, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kò sì gba bẹ́líìtì rí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gbé àwọn ẹlòmíràn sókè, kí wọ́n wá ṣẹ́gun rẹ̀.

Nítorí pé irọ́ ni ohun gbogbo níbẹ̀, ó di dandan kí ohun kan wà tí kì í ṣe irọ́. Ejiroghene, rẹfirí wọn, ló ń tọ́jú ìyẹn. Ọmọ Urhobo ni, tó ń bá àwọn èèyàn yọ ẹrù ní Tin Can, ó sì ju gbogbo oníjà náà lọ lọ́jọ́ orí. Bí oníjà bá ṣubú tí kò dìde, Ejiroghene á kúnlẹ̀ tì í, á dọ́gbọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bí oníjà náà bá di tirẹ̀ mú padà, ara rẹ̀ le nìyẹn, kí eré máa lọ. Bí ọwọ́ bá dákẹ́, Ejiroghene á fi apá méjèèjì ṣe àgbélébùú sókè, eré parí nìyẹn, ì báà jẹ́ Ṣíámánì ló ń bínú.

"Ẹnu ń parọ́," ló máa ń sọ fún àwọn tuntun. "Ojú ń parọ́. Ẹ̀jẹ̀ gan-an ń parọ́, ṣé ẹ mọ̀ pé abẹ la fi ń la iwájú orí kó tó ṣàn. Ọwọ́ nìkan ni kì í parọ́."

Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Dáramọ́lá ní nǹkan bí oṣù kẹta ọdún tó kọjá. Ìyàwó rẹ̀, Ṣìkẹ́mi, tó ń rán aṣọ ilé-ìwé, tó sì ń rán aṣọ ìjà rẹ̀ náà, fà á lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó pààrọ̀ ẹ̀rọ, ó tún un wọ̀n.

"Bọ̀ọ̀dá, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Mò ń jà."

"Ta lẹ ń bá jà?"

"Ẹni tí wọ́n bá ní kí n bá jà."

"Ẹ lọ sọ fún wọn pé ẹ ò jà mọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe ga tó yìí, gbígbé ló yẹ kí wọ́n gbé yín wọlé wá."

"Ẹ̀jẹ̀ mi ga torí pé èmi náà ga," ni Dáramọ́lá wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì náà kọ oògùn sínú ìwé. Ṣìkẹ́mi rà á, Dáramọ́lá lò ó fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó ní ó ń mú ẹsẹ̀ òun rọ, ó jáwọ́.

Lóṣù kẹfà ni Ṣíámánì pè é, tó sọ fún un pé Sátidé tó ń bọ̀ Dáramọ́lá ni yóò gba bẹ́líìtì. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, níbi ìdánrawò, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ló fi ṣubú. Ó délé, ó bì sínú báfù tí ọmọ wọn Àdúràgbèmí fi ń wẹ̀, ó tún bì lóru. Òfin Ejiroghene sì ni pé ẹni tó bá forí gbálẹ̀ tó sì bì kò gbọdọ̀ gun ríìngì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

"O ò rí nǹkan kan," ni Dáramọ́lá sọ fún ìyàwó rẹ̀.

"Bàbá Àdúrà, mo fi ọwọ́ ara mi nù ún."

"Bí mi ò bá jà ní Sátidé, ẹlòmíràn ni wọ́n á fún. Ọdún mọ́kànlá, Ṣìkẹ́mi. Kí n gbà á lẹ́ẹ̀kan péré, kó o wá so mí mọ́lẹ̀."

Ní Ọjọ́bọ̀ Ṣìkẹ́mi wọ ọkọ̀ lọ sí Tin Can, ó wá Ejiroghene láàárín àwọn tírélà tó ti tò síbẹ̀ láti ìjẹrin, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ejiroghene di ìwé ẹrù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ àyà.

"Ìyàwó, mo ti gbọ́. Màá bi í."

"Ẹ má bi í, bọ̀ọ̀dá. Ẹ dá a dúró ni."

"Màá bi í," ni Ejiroghene tún wí.

Ní Sátidé, nínú yàrá tí wọ́n ti ń wọṣọ, ó bi í lóòótọ́. Dáramọ́lá ń de okùn bàtà pupa náà. Ó ti gbé ásípírìnì mẹ́rin mì, bí gbogbo wọn ṣe máa ń ṣe kí ẹ̀jẹ̀ iwájú orí lè ṣàn dáadáa.

"Kírénì, wọ́n ní o bì."

"Ẹja tí mo jẹ ní Marine Beach ló ti rà. Àbí rẹfirí ló tún kù tí yóò máa fọwọ́ sí i kéèyàn tó bì?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Nnaemeka, tí yóò bá a jà, bú sẹ́rìn-ín jù. Lọ́yà ni orúkọ ìjà tirẹ̀, wíìgì funfun àti ẹ̀wù dúdú ló máa ń wọ̀ wọlé. "Mo ta kò ó, Olúwa mi," ni Nnaemeka wí. "Ẹja náà kò sí nílé ẹjọ́ láti gbèjà ara rẹ̀."

Ejiroghene kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Dáramọ́lá lójú pẹ́. Ó lè dá a dúró nígbà náà, àṣẹ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gba ohun kan gbọ́ ju ọ̀rọ̀ obìnrin àti èébì lọ.

"Ó dáa," ló wí. "Bó bá dénú ríìngì, ọwọ́ rẹ á sọ fún mi."

Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ ni pé Lọ́yà yóò gbé Kírénì ṣánlẹ̀, yóò gun orí okùn, yóò fò lé e láyà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà Kírénì yóò dìde, yóò gbé Lọ́yà sókè, yóò sì gba bẹ́líìtì. Lọ́yà kọ́kọ́ ka ẹ̀sùn. "Ẹ̀sùn kìíní: o ń fi orí ru ìrẹsì olówó, gàrí lò ń jẹ nílé." Àwọn èrò rẹ́rìn-ín títí. Ó gbé e. Ó ṣán an mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ọrùn ló kọ́kọ́ kanlẹ̀, ibi tó kanlẹ̀ lọ́jọ́ ìdánrawò náà gan-an.

Ẹsẹ̀ Kírénì kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Itọ́ ń jáde lẹ́nu rẹ̀. "Wò ó bó ṣe ń ṣe é," ni obìnrin kan wí níwájú. "Ọkùnrin yìí ì bá ti lọ ṣe sinimá." Ṣìkẹ́mi ti dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ó ń sáré bọ̀ nídìí okùn, ó ń sọ pé kì í ṣe eré, kì í ṣe eré. Àwọn èrò hó yèè. Wọ́n ní ìyàwó Kírénì ti wọ ìjà, Ṣíámánì kúkú mọ nǹkan í gbé kalẹ̀. Ọkùnrin méjì tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dì í mú ní apá méjèèjì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sáwọn èrò kí eré má bàa bàjẹ́.

Ejiroghene kúnlẹ̀. Ó di ọwọ́ ọ̀tún Dáramọ́lá mú.

Ọwọ́ náà di tirẹ̀ mú padà. Ó dì í mú gan-an, títí òrùka ìgbéyàwó Ejiroghene fi wọ inú ẹran ìka rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní láti fi ọwọ́ kejì ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ kó tó rí ọwọ́ náà fà yọ, ó sì rò ó pé àwàdà Kírénì ni.

"Ó wà dáadáa," ló sọ fún Nnaemeka láìmi ètè. "Máa lọ."

Nnaemeka fò lé e láyà. Ó dìde, ó tún gun okùn, ó tún fò. Ó dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀ díẹ̀, ó sọ sí i létí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó kàn yín. Ẹ dìde." Nígbà tí kò dìde, Ṣíámánì fi ìka mẹ́ta hàn wọ́n láti ìsàlẹ̀: kí wọ́n yí òpin rẹ̀ padà. Ejiroghene gbá kánfáàsì, ó kà á dé ẹẹ́ta. Lọ́yà ni wọ́n fún ní bẹ́líìtì. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́ fún Kírénì ju bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ fún un rí lọ, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n fi pákó gbé e jáde.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ti ń jò díẹ̀díẹ̀ sínú ọpọlọ rẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, ásípírìnì sì ti jẹ́ kó máa ṣàn sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje wọ́n gbé e padà sí yàrá wọn ní Ajégúnlẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀, kò lè jókòó. Ẹni ogójì ọdún ni. Àwọn ọmọ àdúgbò tó bá ń kọjá lójú fèrèsé máa ń ka, "Wan, tuu, tirí," wọ́n á sì sá.

Ejiroghene ń wá ní gbogbo ọjọ́ Àìkú bó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Á jókòó ti ibùsùn, á di ọwọ́ ọ̀tún náà mú, ọwọ́ á di tirẹ̀ mú padà. Á wá lọ sọ ní ilé ìjàkadì pé Kírénì mọ òun, pé ó di òun lọ́wọ́ mú bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ohun tó fi ń rí oorun sùn nìyẹn. Bí ọwọ́ náà bá ń sọ òótọ́ lónìí, ó sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹni tó gbà á gbọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kọkànlá, ó bá Ṣìkẹ́mi tó ń fún ọkọ rẹ̀ ní ògì mu. Ó jókòó, ó di ọwọ́ náà mú.

"Ìyàwó, Ṣíámánì rán mi wá. Oníjà tuntun kan dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi bíi ti Kírénì."

Ṣìkẹ́mi gbójú sókè. "Ọkọ mi ò tíì kú."

"Mo sọ fún un. Ó ní kò ní lò ó mọ́."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, kí lẹ sọ?"

Ejiroghene tẹ̀ sí aláìsàn náà létí. "Kírénì, èmi ni. Bàtà yẹn, ṣé kí n gbé e fún wọn? Bó o bá gbà, di ọwọ́ mi mú."

Ọwọ́ náà dì í mú.

"O rí i," ni Ejiroghene wí. "Ó gbà. Kò ṣahun rí, Kírénì."

Ṣìkẹ́mi gbé abọ́ ògì sílẹ̀. Ó tú ìka ọkọ rẹ̀ kúrò lára ọwọ́ Ejiroghene, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, bí èèyàn ṣe ń tú okùn tó ta kókó. Ó fi ṣíbí ògì sí àtẹ́lẹwọ́ náà. Àwọn ìka náà pa dé, wọ́n di ṣíbí mú pinpin.

"Ẹ wá bi ṣíbí," ló wí.

Ejiroghene ń wò ó.

"Dókítà ti sọ fún mi kí a tó kúrò ní ọsibítù. Ọwọ́ yẹn á máa di ohunkóhun tó bá kàn án mú, bíi ti ọmọ tuntun. Kò mọ̀ ọ́n. Mo dákẹ́ torí mo rí i pé ó ń tù yín nínú."

Ejiroghene bẹ̀rẹ̀ sí í yí òrùka rẹ̀ káàkiri ìka, lórí àpá kékeré tó wà níbẹ̀. "Ọjọ́ yẹn náà," ló wí. "Lójú ríìngì. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?"

"Èmi ò mọ̀, bọ̀ọ̀dá. Mi ò débẹ̀. Nídìí okùn ni wọ́n ti dì mí mú."

Ṣìkẹ́mi bẹ̀rẹ̀, ó fa bàtà pupa náà jáde lábẹ́ ibùsùn. Ó ti fi ìpara nù ún, ó sì ti ká okùn rẹ̀ sínú. Ó gbé e lé itan Ejiroghene. Ọkùnrin náà jókòó bẹ́ẹ̀ títí, bàtà náà lórí itan rẹ̀, kò lè wo ibùsùn. Nígbà tó yá ó dìde, ó gbé e lọ, nítorí pé iṣẹ́ ni wọ́n rán an.

Ṣìkẹ́mi jókòó padà. Ògì ti ń tutù. Ó gbìyànjú láti gba ṣíbí lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó lọ mú ṣíbí mìíràn.