Rikọ́dà Kékeré Abẹ́ Ìbòrùn Màmá Mi

Ní gbogbo Ọjà Tuntun, kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀rọ tó mi. SS2 ni mo ti fìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gba orin sílẹ̀ níbi ìnáwó, èmi náà ló máa wá. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan nígbà tó kan màmá mi.

Màmá mi ló ń lé wákà, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń gbè é. Tí ọmọ kéú bá ń ṣe wòlímà, àwọn ni wọ́n máa ń pè. Dókítà wá ní gẹ̀gẹ̀ wà lọ́fun ẹ̀, wọ́n máa là á, ohùn sì lè má bọ̀ sípò mọ́. Wòlímà kan ló kù kí wọ́n tó là á, nítòsí Ìpàta. Mo ní kí Màmá fọkàn balẹ̀, màá gba ohùn yẹn sílẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni wọ́n ti ń kọ ọ́, ọkùnrin kì í wọ àárín wọn. Ẹ̀rọ ńlá tèmi ò lè débẹ̀. Ọmọ tó ń ta ẹ̀rọ gbé rikọ́dà olétí méjì kan síwájú mi, ó tó agolo mílíìkì.

"Bọ̀ọ̀dá, eléyìí ni kẹ́ ẹ mú. Kí wọ́n gbé e sáàárín, gbogbo wọn ló máa gbà."

"Ta ló fẹ́ gbọ́ gbogbo wọn? Ṣé gbogbo wọn ló bí mi ni?"

Mo mú èyí tó kéré jù, kò ju ìdérí ìgò lọ. Mo ní èyí tó bá sún mọ́ ọ̀fun ló máa mọ ohun tí ọ̀fun ń sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo fi há ọrùn bùbá Màmá, lábẹ́ ìbòrùn.

"Eṣinṣin wo rèé?"

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, Màmá. Ẹ ṣáà máa kọrin yín."

Ìyá elégbè, tó máa ń dúró lápá ọ̀tún ẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi, tèmi ńkọ́? Àbí àkèré ni mí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, màmá mi ni mo bá wá."

Ó wo Màmá. Màmá ń wo ilẹ̀.

Mo dúró síta lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin. Nígbà tí orin gbéra, ohùn tó ń lé e já gaara. Mo ní, "Ẹ gbọ́ màmá mi! Gẹ̀gẹ̀ wo ni wọ́n ń sọ?"

A délé, mo ki íápíìsì rikọ́dà náà sétí. Mo gbọ́ "Bisimilaahi." Màmá ni. Aṣọ ń ha ara wọn. Orin wá bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ohùn tó ń lé e ò sún mọ́ mi, ọ̀ọ́kán ló ti ń bọ̀. Ìyá elégbè ni. Nídìí ọ̀fun Màmá, èémí lásán ni, bí ẹni ń fẹ́ná. Ó kàn ń ya ẹnu ni, kò kọrin. Títí orin fi parí.

Mo rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Mo gbá a. Kò bàjẹ́. Mo ń gbọ́ bí Màmá ṣe ń gbé itọ́ mì.

Mi ò sunkún. Mo jẹ ìrẹsì tó wà nílẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó níyọ̀.

Màmá wọlé. "Ṣé ó gbà á?"

"Ó gbà á."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, Màmá."

Ó jókòó sórí ẹní. "Ìyá elégbè ní ká sọ fún ẹ pé mi ò lè lé orin mọ́. Mo ní ká jẹ́ kó o ra nǹkan tó o fẹ́ rà."

Wọ́n ti la ọ̀fun ọ̀hún. Ara Màmá yá, àmọ́ bí ẹni tó wà nínú mọ́ṣáláṣí ló ṣe ń sọ̀rọ̀ báyìí, wúyẹ́wúyẹ́. Tí wọ́n bá bi mí léèrè ẹ̀rọ, olétí méjì ni mo máa ń ní kí wọ́n rà, mi ò sì ń sọ ìdí ẹ̀. Mo gé "Bisimilaahi" yẹn, ohùn Màmá kan ṣoṣo tó wà nínú ẹ̀rọ náà, sọ́tọ̀ sórí fóònù mi. Kéèyàn tó mí lẹ́ẹ̀kan, ó ti tán.