Ahọ́n-Ò-Purọ́ àti Wáìnì Tí Kò Tíì Gbó

Ọjọ́ tí olóògbé Ahọ́n-Ò-Purọ́ lé oníwáìnì síta nínú òjò ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin náà gbé wáìnì pupa tuntun dé láti Ítálì. Ahọ́n-Ò-Purọ́ ki imú bọ ife, kíá ló yọ ọ́.

"Alàgbà, ẹ dákun, ẹ bọ́ síta. Lọ́fínńdà yín ń pariwo, mi ò gbọ́ òórùn wáìnì."

Ó tọ́ wáìnì náà wò, ojú fèrèsé ló sì ti ké ìdájọ́ rẹ̀ sí ọkùnrin náà: "Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò tíì lẹ́kọ̀ọ́! Ẹ mú un padà sílé!"

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: kó tọ́ wáìnì wò, kó tu ú dànù, kó sọ bóyá kí ọ̀gá rẹ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù wáìnì rà á. Kò gbé e mì rí. Ó ní adájọ́ kì í bá ẹlẹ́jọ́ jẹun.

Àfi bí àìsàn ṣe gbé e ṣánlẹ̀. Nígbà tó dìde, ata, iyọ̀ àti ṣúgà ti di ọ̀kan náà lẹ́nu rẹ̀. Ó dorí kodò lórí ibùsùn. "Ahọ́n tó ń bọ́ mi ti ṣáájú mi kú."

Kò lè sọ fún ọ̀gá. Ọjà ti kú, ẹrù wáìnì Ítálì mìíràn kan ṣoṣo ni ọ̀gá gbójú lé, tí yóò rà, tí yóò sì tọ́jú títí yóò fi gbó. Ahọ́n-Ò-Purọ́ bá gbé ìgò kan nínú rẹ̀ lọ bá ìyàwó rẹ̀ nílé ìdáná.

"Tọ́ ọ wò. Báwo ló ṣe rí?"

"Ó korò."

"Korò bíi kí ni?"

"Bí ọ̀rọ̀ ẹnu yín."

"Mo bẹ̀ ọ́, kò sí adùn kankan lábẹ́ rẹ̀?"

Ìyàwó tún tọ́ ọ wò. "Ó jọ pé ó wà. Ó sá pamọ́ ni."

"Á dàgbà!" Bó ṣe sọ fún ọ̀gá nìyẹn, ọ̀gá sì rà á.

Wáìnì náà kò tíì gbó tí Ahọ́n-Ò-Purọ́ fi kú. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ó ti kan gógó. Ọ̀gá ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó gbé ife kan lọ bá opó náà.

"Ìyá, ọkọ yín ṣì mí lọ́nà."

"Èmi ni. Ẹnu tiwọn ti kú. Ẹnu tèmi ni wọ́n fi tọ́ ọ wò."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ìyá, kí omi tó lé lójú rẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ mi, ohun kan ṣoṣo tí mo sọ tí wọn ò bá mi jiyàn nìyẹn."

Ó gba ife náà lọ́wọ́ ọ̀gá, ó sì mu ún tán.