Ẹsẹ̀ Tí Wọ́n Kọ̀ Láti Fọ̀

Mo kórìíra òórùn lọ́fíńdà. N kò bá lọ́fíńdà jà tẹ́lẹ̀ o; ọkùnrin tí ó kọ́ wa ní katikísìmù ní Tafo, àdúgbò wa ní Kumasi, ló bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Á fọ́n ọn sí áńkáṣíìfù, á sì fi bo imú nígbàkígbà tí Nana bá wọlé. Nana, bàbá arúgbó kan, ni àgbà jù nínú àwa tí à ń múra ìrìbọmi. Egbò kan wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti pẹ́ tí kò jinná. Lóòótọ́, ó ń rùn. Èmi náà máa ń sá jókòó sẹ́bàá fèrèsé.

Ọmọ Mùsùlùmí ni mí. Òwò aṣọ ló gbé àwọn ará ilé wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Kumasi ní ilẹ̀ Gánà, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí. Ọkọ kọ́ ló fà mí wọ ìjọ Àgùdà, iṣẹ́ kọ́. Ìtàn kan ṣoṣo ni: ọ̀gá tó bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, tó bu omi, tó fọ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Nílé wa, olúkúlùkù ló ń fi búta fọ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó tó kírun. Pé kí ọ̀gá fọ ti ẹlòmíì, ìyẹn ló mú mi lọ́kàn. Mo sọ fún ìyá mi pé bí ìtàn yẹn bá jẹ́ òótọ́ lọ́wọ́ wọn, màá ṣe ìrìbọmi. Bí kò bá jẹ́ òótọ́, màá padà sílé.

Fádà yan àwa méjìlá tí òun yóò fọ ẹsẹ̀ wa ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, ó sì dárúkọ Nana. Bí Fádà ti jáde, olùkọ́ wa pàṣẹ pé kí a fọ ẹsẹ̀ wa dáadáa láti ilé, kí a má dójú ti òun. Áà! Ẹ wá wo ẹsẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹlòmíì kun èékánná, ẹlòmíì fi ìpara ra tiẹ̀ títí ó fi ń dán. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Nana wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun tuntun wá. Olùkọ́ dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bo imú.

"Opanin, wo nan bɔn," ni ó wí ní Twi, pé àgbà, ẹsẹ̀ rẹ ń rùn. Ó tọ́ka sí ìjókòó ẹ̀yìn. Bàbá náà lọ jókòó síbẹ̀.

Nígbà tí Fádà ń fọ ẹsẹ̀ wa lọ, tó ku díẹ̀ kó kàn mí, mo dìde, mo fi bàtà há abíyá, mo lọ bẹ Nana pé kó wá gba ipò mi. Ó mi orí. Ojú ń tì í. Kí n tó wẹ̀yìn, olùkọ́ wa ti wà lórí àga mi! Ó ti bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀ tó ń ta sánsán sí Fádà, ó sì dijú bí ẹni mímọ́. Ó rí mi lára.

Ilé wa kò jìnnà. Bí ìsìn ti parí, mo sáré wọlé.

"O ti padà sílé nìyẹn?" ni ìyá mi wí.

"Rárá o, Ìyá. Búta yín ni mo wá gbé. Ẹsẹ̀ kan wà tí wọn ò fọ̀."

Ó gba búta náà, ó da omi tútù inú rẹ̀ nù, ó sì bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i.

Nana ṣì jókòó lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń dúró kí èrò tán. Mo kúnlẹ̀, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kan, mo tú aṣọ tó fi di egbò lábẹ́ rẹ̀. Òórùn náà gbá mi lójú. Mo sáré dé ẹ̀bá gọ́tà, mo bì. Nígbà tí mo padà, kò tíì ká ẹsẹ̀ náà kò. Mo fọ̀ ọ́. Olùkọ́ wa kọjá lára wa, ó fi áńkáṣíìfù rẹ̀ bo imú.

Mo rò pé mo ti ṣe tán. Nana bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kejì, ó na ẹsẹ̀ tí kò ní egbò sí mi.

"Ọmọ mi," ni ó wí, "fọ èyí náà."